Òkú kejì

Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn bá pa ẹnì kan ní Ìlọrin lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo ayé láàárọ̀ Sátidé: ta ló pa á? Ọlọ́pàá ló ni ìbéèrè yẹn. Ti àdúgbò yàtọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ wo ni àwọn ènìyàn ẹni tó kú máa fura sí? Àdúgbò wo ni ẹgbẹ́ ọ̀hún pọ̀ sí? Nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ta ni kò mọwọ́ mẹsẹ̀ àmọ́ tó ń bá ọ̀kan nínú wọn gbé yàrá, tó jọ ọ̀kan nínú wọn, tàbí tó jẹ́ àbúrò ọ̀kan nínú wọn? Ẹni yẹn ni ó ṣeé ṣe kó di òkú kejì. Ó ṣeé mọ̀ kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wá a.

Òkú àkọ́kọ́ ṣòro láti dá dúró. Ìjà lórí ọmọbìnrin, owó tí wọ́n pín tí kò dọ́gba, ẹnì kan tó gba ibi tí kò yẹ kó gbà kọjá: ìgbàkígbà ló lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ̀san ní ọ̀nà tó ń tọ̀. Ó ní àdúgbò, ó ní ọjọ́, ó ní wákàtí pàápàá. Bí agbára wa kò bá pọ̀, orí ọjọ́ mẹ́jọ tó tẹ̀lé ìpànìyàn àkọ́kọ́ ni kí á kó o lé, kí á dín owó ìpàdé inú gbọ̀ngàn kù, ìyẹn ìpàdé tí wọ́n máa ń fi "ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà" bẹ̀rẹ̀. Òwe náà kò burú. Àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ ni kì í sí níbẹ̀.

Ìtàn ẹgbẹ́ òkùnkùn kò ní gba àkókò wa. Ní 1952, akẹ́kọ̀ọ́ méje, Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní Ìbàdàn; kò sí àdá nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ní 1972 àwọn kan ya kúrò, wọ́n di Buccaneers. Ẹgbẹ́ Ẹyẹ (Eiye) náà ti wà ní Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1960. Black Axe, tí ìgboro ń pè ní Ayé, bẹ̀rẹ̀ ní Benin ní 1977, ìdí sì nìyẹn tí ọlọ́pàá fi máa ń wà lójúfò ní ọjọ́ 7 oṣù Keje lọ́dọọdún. Ní 10 oṣù Keje 1999, àwọn agbébọn wọ ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ ní OAU ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika wà nínú wọn, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Òun kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ńṣe ló ń bá wọn jà. Ohun tó yí padà láti ìgbà náà ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti jáde kúrò nínú ọgbà yunifásítì. Ní Ìlọrin lónìí, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì wà níbẹ̀, ọlọ́kadà wà níbẹ̀, ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tí kò tíì ṣe WAEC wà níbẹ̀.

Ní èdè wọn, "jú" ni wọ́n ń pe ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́, wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn kì í fọwọ́ kan jú. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kì í sábà mọ ẹni tó fẹ́ pa. Wọ́n lè mú un wá láti ìlú mìíràn kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ojú rẹ̀ mọ̀, ohun tó sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju àwòrán kan lórí fóònù pẹ̀lú àpèjúwe: ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, Bájáàjì pupa ló ń gùn, ilé tó ní géètì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́rọ ìlọta. Àpèjúwe yìí ló ń pa aláìṣẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ti wà nínú ewu, ì báà jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló fi yá ọ̀kadà náà láti lọ ra búrẹ́dì.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó wúlò jù fún ọmọ tó ń lọ gbé Táńkẹ, Òkè-Odò tàbí ibikíbi tí ilé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí ni pé kó má yá nǹkan tí wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ọ̀kadà, fìlà, jákẹ́ẹ̀tì, fóònù. Fóònù ló burú jù. Tirẹ̀ ti kú, ó yá ti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, ìpè wọlé.

"Ibo lo wà?"

"Mo wà ní Sanrab, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan ẹran."

Ó ti tán. Ó ti júwe ibi tó dúró sí fún ẹni tí kò mọ̀, ní orúkọ ẹni tí wọ́n ń wá. Bí ìpè bá wọlé sórí fóònù tí kì í ṣe tìrẹ, jẹ́ kó máa dún.

Yàrá ni ìkejì. Ọmọ tí kò rí ilé gbà, tó ń fara mọ́ àwọn tó ní yàrá sùn, kì í mọ orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pe onílé rẹ̀ níta. Kí ó tó kó ẹrù wọlé, kó béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta oúnjẹ nítòsí àti lọ́wọ́ ẹni tó ń gẹ irun ládùúgbò pé irú àwọn wo ló ń wá sí ilé yẹn lálẹ́. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí lanlọ́ọ̀dù kò mọ̀.

Àwọn kan máa ń fi àwọ̀ aṣọ ṣe ìwádìí: búlúù ti Ẹyẹ, dúdú pẹ̀lú yẹ́lò ti Ayé. Lóòótọ́ ni àwọ̀ wọ̀nyí wà, àmọ́ ìdajì ọ̀dọ́ Ìlọrin ló ní fìlà búlúù. Kò sí ohun tí fíjilanté ń rí nínú gígé dàda ọmọlọ́mọ lójú títì ju ìbínú ọmọ náà lọ, ọmọ tó bá sì ń bínú sí àdúgbò rẹ̀ kò ní pẹ́ rí ẹni tó máa bá a bínú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọjọ́ mẹ́jọ náà.

Wákàtí àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n ṣá ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá lè kú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni tó rí ọkọ̀. Ẹ wá aṣọ, síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí ìbòrí, ẹ ká a, ẹ gbé e sórí ojú ọgbẹ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ara yín. Bí ọgbẹ́ bá jinlẹ̀, ní itan tàbí abíyá, ẹ ki aṣọ bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kún, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣí i wò. Ṣíṣí wò ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, nítorí ó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dì. Bí aṣọ bá rin, ẹ gbé òmíràn lé e lórí.

Bí ó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí títẹ̀ kò sì dá a dúró, ẹ ya aṣọ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, ẹ so ó ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sókè ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé. Ẹ ki igi kékeré bọ ìdí kókó rẹ̀, ẹ máa yí i títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Yóò dun ẹni náà gan-an, ó sì máa bẹ̀ yín pé kí ẹ tú u. Ẹ má tú u. Ẹ fi bírò kọ aago tí ẹ so ó sí iwájú orí rẹ̀, kí dókítà lè mọ̀. Okùn tín-ínrín kò dára, ó ń gé ẹran. Ìdè tí kò le tó tún burú ju kí á má dè é rárá: ó ń dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà, ó sì fi èyí tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ọ̀bẹ tó bá ṣì wà lára, ibẹ̀ ni kó wà. Kò sí kẹrosíìnì, kò sí eérú, kò sí omi mímu.

Kẹ̀kẹ́ sàn ju ọ̀kadà lọ fún gbígbé e, nítorí ẹnì kan lè máa tẹ ọgbẹ́ náà lọ lójú ọ̀nà. Nómbà pàjáwìrì 112 kò ná yín ní kọ́bọ̀, àmọ́ bí kẹ̀kẹ́ bá wà níwájú yín, ẹ má dúró de ọkọ̀ aláìsàn. Ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní àwọn oníṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n Òkè-Ose tó wà jìn sí ìgboro, àwọn tó sì wà ní ìhà Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán ní jẹ́nẹ́ràà tiwọn tó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí wọ́n tó máa lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni nǹkan tún ti máa ń bàjẹ́. Ẹnì kan á ní, "Ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá ná." Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ti 2017, sọ pé kí ilé ìwòsàn gbà á, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó àsansílẹ̀ wà o, kò sí o. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló máa fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ti àdá àti ọ̀bẹ wà lábẹ́ òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Ẹ dárúkọ òfin náà àti ọdún rẹ̀ pẹ̀lẹ́tù, kí ẹ sì ní kí wọ́n pe dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ariwo kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, orúkọ òfin máa ń ṣiṣẹ́.

Alẹ́ àkọ́kọ́, fóònù ni. Àwòrán òkú tó bá dé státọ́ọ̀sì WhatsApp láago mẹ́wàá, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ tó lù. Àwòrán yẹn ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ bí wọ́n bá ń ko ara wọn jọ. Ẹni tó fi ránṣẹ́ rò pé ìròyìn lòún ń pín. Alága ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò kọ̀ọ̀kan ní gúrúpù WhatsApp. Iṣẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni kó pa àwòrán àti fídíò rẹ́ níbẹ̀, kó sì jẹ́ pé òun àti ẹnì kan péré ló ń kọ nǹkan síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. "Wọ́n ti ń bọ̀ o, wọ́n ti wà ní Gáà-Àkànbí" burú tó àwòrán náà, nítorí ìbẹ̀rù ló ń mú ọmọ tí kò gbé àdá rí wá ọ̀kan gbé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni kí ènìyàn mẹ́ta lọ sí ilé òkú: Alángùá tàbí ẹni tí Mágàjí rán, Àlááfáà mọ́ṣáláṣí àdúgbò, àti àgbà obìnrin kan tí ìyá ọmọ náà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ní ìlú Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́, ẹ fi baálẹ̀ àdúgbò rọ́pò Alángùá. Bí ó bá jẹ́ ilé Kírísítẹ́nì, pásítọ̀ wọn. Kí olóṣèlú má bá wọn lọ. Bí olóṣèlú bá wọlé, ọ̀rọ̀ á di ti ìbò, gbogbo ẹni tó wà níta á máa ka ẹni tó bá a wá.

Àgbà obìnrin yẹn ló máa jókòó ti ìyá. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ló máa wá ẹni tí ìgbẹ̀san wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe bàbá òkú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó dúró sí ẹ̀yìn ògiri tí kò sunkún, tó ń wo fóònù. Ẹ má bi í ní ẹni tó ṣe é. Bí ẹ bá bi í, ẹ ti fi í sí ipò ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan sí i.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. A ò wá wádìí nǹkan kan. Ìyá wà níwájú wa yìí. Ohun kan la fẹ́ kí o bá wa ṣe: má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde lálẹ́ òní."

"Àlááfáà, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún un?"

"A gbọ́. Alẹ́ òní nìkan la ní. Bó bá di ọ̀la, a máa padà wá."

Alẹ́ kan ni wọ́n tọrọ. Bí wọ́n bá ní kó dárí jì, á lé wọn jáde, ẹ̀bi náà á sì jẹ́ tiwọn. Alẹ́ kan ṣeé fún àgbà. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n padà lọ lóòótọ́, kí wọ́n tún tọrọ alẹ́ mìíràn. Sísin òkú Mùsùlùmí lọ́jọ́ kan náà dára lójú Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ní ti ìgbẹ̀san, ó túmọ̀ sí pé ìsìnkú kò fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ tí ọkàn fi ń rọ̀. Àwọn tó ń wá sílé náà lálaalẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wá òkú kejì. Ìyẹn ni pé kí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó mọ àdúgbò kejì, níbi tí ẹgbẹ́ tí wọ́n fura sí pọ̀ sí, jókòó kí wọ́n dárúkọ: àbúrò ta, ẹni tó ń bá ta gbé yàrá, ọmọbìnrin tó ń bá ta rìn, ta ló jọ ta. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ìwé tó bá ti ní orúkọ, bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ òdìkejì, iṣẹ́ ló gbà wọ́n. Bó bá sì bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá, àwọn aláìṣẹ̀ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ kó. Kí orúkọ má ju èyí tí orí lè rántí lọ, bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti kúrò ládùúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ilé àbúrò bàbá ní ìlú mìíràn dára. Ilé ọ̀rẹ́ ní Ìlọrin kan náà kò dára. Kó má sọ ibi tó ń lọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Kó pa ibi tí fóònù ti ń fi ibi tó wà hàn. Kó má padà wá kó aṣọ: aṣọ ni ó máa ń mú wọn padà lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n bá rò pé ó ti rọlẹ̀. Kí àgbà obìnrin kan lọ bá a kó o lọ́sàn-án. Fún akẹ́kọ̀ọ́, ìdánwò ló ń mú un padà, torí náà kí òbí ti kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ kejì yẹn gan-an, kó ní ewu ẹ̀mí ló mú un kúrò, kó sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.

Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni ọlọ́pàá sábà máa ń wá kó àwọn ọmọ, aláìṣẹ̀ sì ń rí láburú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sá bó bá rí wọn. Ẹni tó sá ni wọ́n ń lé. Bí wọ́n bá ti mú un, kí àgbà méjì tẹ̀lé e lọ sí àgọ́ láàárín wákàtí àkọ́kọ́ pẹ̀lú káàdì ilé-ìwé rẹ̀, fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì, tàbí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ẹ kọ ọ́. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 35, ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan níbi tí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà. Ìlọrin kún fún kóòtù. Ṣùgbọ́n abala kan náà yọ ẹni tí wọ́n fura sí pé ó ṣẹ̀ sí òfin tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú sílẹ̀, ìpànìyàn sì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n fẹnu sọ lọ. Ẹ tètè mọ̀ ọ́n.

Bí ó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ tàbí kí wọ́n kà á fún un ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti parí, kó fa ìlà sí àyè tó ṣófo lábẹ́ rẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi nǹkan kún un. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú ìyá dípò ọmọ. Òfin 2017 tó tako ìfìyàjẹni kò gbà kí wọ́n lù ú láti jẹ́wọ́. Béèlì kì í ṣe títà. Àjọ tó ń pèsè agbẹjọ́rò fún tálákà, Legal Aid Council, ní ẹ̀ka ní Ìlọrin.

Ẹni tó bá sì ní ohun tó rí, kó sọ ohun tó rí, kó fi orúkọ sílẹ̀: ọ̀kadà mélòó, àwọ̀ wo, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà lọ, aago mélòó. Bí ó bá ń bẹ̀rù àgọ́ àdúgbò, kí Mágàjí gbé e lọ fún ọ̀gá àgọ́ ní ohùn tirẹ̀. Lílu ẹni tí wọ́n fura sí pa, tí àwa ènìyàn ìgboro fẹ́ràn, òkú mìíràn ni, ẹni tó lè sọ ibi tí ìbọn ti wá sì ti bá a lọ.

Ọjọ́ kẹjọ, fídáù. Ọjọ́ yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù. Gbogbo ẹlẹgbẹ́ òkú máa wá, wọ́n á kó ara wọn jọ, òdìkejì sì mọ ọjọ́ náà, ó mọ ilé náà. Ẹ ṣe é láàárọ̀, nínú mọ́ṣáláṣí, kó má kọjá aago méjìlá. Kò sí kánópì lójú títì, kò sí DJ, kò sí t-ṣáàtì tí wọ́n tẹ àwòrán òkú sí. Ọ̀kadà tó ń tò lọ lẹ́yìn ara wọn pẹ̀lú fèrè ni ìpè ìjà tí òdìkejì ń gbọ́. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n òkú, kó jẹ́ òun ló máa dá wọn dúró. Bí ọjọ́ kẹjọ bá kọjá láìsí nǹkan, ọkàn a máa rọ̀ díẹ̀, àmọ́ kí àwọn mẹ́ta yẹn ṣì tún lọ lọ́jọ́ ogójì.

Nípa bí ọmọ ṣe ń wọ inú ẹgbẹ́, gbèsè ni. Wọn kì í sọ fún ọmọ ọdún kìíní pé wá ṣe ẹgbẹ́. Ó dé láti Ìlọfà tàbí Àjàsẹ́, kò rí yàrá. Bùọ̀dá kan ní, "Wá sùn lọ́dọ̀ mi." Ó jẹ Indomie rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bùọ̀dá bá a ra ìwé kọ́ọ̀sì. Ẹnì kan gbá a létí ní ọjà, Bùọ̀dá lọ bá a gbẹ̀san. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin: "Bá mi gbé báàgì yìí dé ìsàlẹ̀." Ó gbé e. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, wọ́n ní àwọn àgbà fẹ́ rí i. Bó bá kọ̀, báàgì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, Mọ́mì, ẹ má béèrè pé "Ṣé o ò wọ ẹgbẹ́ ṣá?" Ìdáhùn kan ló ní. Ẹ béèrè pé, "Ta lo jẹ ní gbèsè níbẹ̀?" Ẹ béèrè ẹni tó ni bẹ́ẹ̀dì tó ń sùn sí, ẹni tó sanwó ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, gbèsè yẹn ṣì jẹ́ owó mátírẹ́ẹ̀sì kan àti oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ san án tẹ̀rín-tẹ̀rín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bùọ̀dá, ẹ kó ọmọ yín lọ sí yàrá mìíràn. Lẹ́yìn báàgì, kò sí owó tó lè san án.

Àmì tó ṣe é wò: ọmọ tí kò wá sílé fún ọjọ́ méjì, tó dé tí kò lè jókòó dáadáa, tó ń wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú ooru, tí kò fẹ́ bọ́ra níwájú àbúrò rẹ̀. Wọ́n máa ń lu ẹni tó bá wọlé ní ẹ̀yìn, ìdí àti itan. Òmíràn ni pé kó máa yí ọ̀nà, kó jẹ́ pé adúgbò kan wà tí kò ní gbà kọjá mọ́ láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ ibẹ̀ ló yá jù.

Ẹni tó bá ti wọlé tó fẹ́ jáde, kó má kéde rẹ̀, ì báà jẹ́ lórí rédíò tàbí ní ilé ìjọsìn. Ìkéde ń mú kí ẹgbẹ́ tirẹ̀ pè é ní ọ̀dàlẹ̀, kò sì mú kí òdìkejì gbàgbé rẹ̀. Ìdí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbà ló ń jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀: iṣẹ́ tó gbé e jìnnà, ìyàwó tó fẹ́, kéwú tó gbé lé. Kó pààrọ̀ nọ́mbà fóònù rẹ̀, kó pa ojú ìwé rẹ̀ lórí Facebook rẹ́, kó má wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kó sì kúrò. Gbígbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn pẹ̀lú fóònù kan náà kò ṣe nǹkan kan. Ìfiránṣẹ́ kan ti tó láti fi í lé ọ̀gá tuntun lọ́wọ́.

Fún èyí tó pẹ́, ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ wò ni ti Monrovia, ní Làìbéríà, kì í ṣe ti Yúróòpù. Àwọn olùwádìí mú ọkùnrin 999 tí wọ́n ń jalè, tí wọ́n ń ta oògùn, tí wọ́n ń jà nígboro. Àwọn kan gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn kan gba 200 dọ́là lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan kò gba nǹkan kan. Owó nìkan kò pẹ́ tó fi dà nù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ ipa rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Àwọn tó gba méjèèjì ni ìwà ọ̀daràn wọn ṣì fi nǹkan bí ìdajì dín kù lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Kì í ṣe ìwàásù ni wọ́n ń ṣe nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Nǹkan bí ogún ọkùnrin ló ń jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń kọ́ bí ẹni tí wọ́n bú ṣe máa ka mẹ́wàá kó tó dáhùn, wọ́n ń ṣe é lójú ara wọn títí yóò fi mọ́ wọn lára. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ tó dára, wọ́n á lọ sí báńkì, wọ́n á wò bóyá wọ́n máa lé wọn. Ìgbà tí wọn kò lé wọn ni ẹ̀kọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ wọ́n lórí.

Èyí ṣeé ṣe nínú kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlọrin lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán: ìjókòó mẹ́rìnlélógún, oúnjẹ, owó ọkọ̀, olùdarí méjì, àti owó tàbí irinṣẹ́ ní ìparí. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ níhìn-ín ni pé a máa ń fo ìjókòó mẹ́rìnlélógún yẹn, ká kàn pín ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìgẹrun níwájú kámẹ́rà, wọ́n á sì tà á kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Ibi kejì ni olùdarí. Ní Monrovia, àwọn tó ti wà nínú ogun àti ìgboro rí, tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀, ló darí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tiwa máa mú olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tàbí Àlááfáà tí gbogbo ènìyàn bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ ní àpá àdá lápá òsì, ó ń ṣe fọkanáísà ní Ìta-Àmọ̀ báyìí, kò sì sẹ́ni tó tíì gbé àga fún un.